Bí a ṣe ń dá àwọn ohun àlùmọ́nì inú giránáìtì Èkìtì mọ̀, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó kọ́kọ́ dì

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì yóò rí i pé àpáta ni ó ń sin òun lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òkúta tó ti yọ́ rí lábẹ́ ilẹ̀ kí ó tó dì, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní igneous, hóró inú wọn sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mú ègé giránáìtì kan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́, kí ó dárúkọ ohun àlùmọ́nì mẹ́rin tàbí márùn-ún inú rẹ̀, kí ó sì sọ èyí tó kọ́kọ́ dì nínú wọn àti èyí tó dé kẹ́yìn. Kò gba yàrá ìwádìí rárá.

Ìdí tí hóró inú òkúta náà fi tóbi

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òkúta náà ti wá, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò tó ń bọ̀ dúró lé. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, lásìkò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pan-African, apá kan nínú ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa gbóná débi pé ó yọ́. Òkúta yíyọ́ yìí, tí a ń pè ní magma, rú sókè wọ inú àwọn òkúta àgbà tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ sí ojú ilẹ̀. Ó dúró sí ìjìnlẹ̀ kìlómítà mélòó kan, òkúta tó bò ó mọ́lẹ̀ kò sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè jáde. Bí ó ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń ráyè rìn lọ bá hóró tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, hóró náà sì ń tóbi sí i. Bí ó bá jẹ́ pé magma kan náà tú jáde sí ojú ilẹ̀ ni, kíákíá ni ìbá dì, hóró inú rẹ̀ ìbá sì kéré débi pé ojú lásán kò ní rí wọn. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò fi àìmọye ọdún gbá òkúta tó bò ó kúrò, tí àwọn òkè olókùúta fi yọ síta bí a ṣe ń rí wọn lónìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irinṣẹ́ àti ibi tí a ó ti ṣiṣẹ́

Ẹ wá díńgí amúǹkantóbi, irú èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ọ̀bẹ irin kan, abẹ́rẹ́ ńlá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, omi, ìwé àkọsílẹ̀, àti òòfà kékeré, èyí tí ẹ lè yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá ní òòlù, ó dára. Bí ẹ kò bá ní, iṣẹ́ kò dúró.

Ní ti ibi tí a ó lọ, mo ní ọ̀rọ̀ líle kan láti sọ. Òkè Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé òòlù lọ. Ibi ìjọsìn ni, wọ́n ń ṣe ọdún Olósùnta lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì fẹ́ gun òkè náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ló dára jù, bí ẹni tó ni ibẹ̀ bá gbà, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí katapílà ti gé àpáta lulẹ̀. Fún olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí birikilà kó sí ẹ̀bá ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ti tó fún kíláàsì kan, kò sì la ewu lọ.

Bí ẹ bá máa fọ́ òkúta fúnra yín, ẹ wọ gíláàsì tó bo ojú, ẹ sì kọ́kọ́ da omi sí òkúta náà. Eruku giránáìtì kún fún silica, ìyẹn àdàpọ̀ silicon àti oxygen, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú tútù ni kí a wò

Awọ àpáta kì í sọ òtítọ́. Òjò, oòrùn àti ewéko tó lẹ̀ mọ́ ọn ti sọ ọ́ di dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, òkúta méjì tí kò bára tan sì lè jọra wọn ní ìta. Ẹ wá ègé tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó nígbà tó tutù, kí ẹ sì tún wò ó nígbà tó bá gbẹ. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ń mú kí ojú hóró tó tẹ́jú kọ mànà, ti ọ̀sán gangan kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé òkúta tó yọ́ rí ni lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo àpáta Èkìtì ni giránáìtì. Bí ẹ bá rí ìlà funfun àti ìlà dúdú tó ń tẹ̀ lé ara wọn léraléra, gneiss ni, ìyẹn òkúta tí ooru àti ìfúnpọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti yí padà. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ funfun látòkè délẹ̀, tó jẹ́ quartz nìkan, ìyẹn ohun àlùmọ́nì inú yanrìn, quartzite ni, irú èyí tó wà ní òkè gbọọrọ tó gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá, tí omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì sì ń sun jáde láti inú rẹ̀. Yanrìn ni ìyẹn rí, kì í ṣe magma. Nínú giránáìtì, àwọn hóró wọ inú ara wọn láìsí àlàfo, funfun, dúdú àti aláwọ̀ ẹran-ara sì dà pọ̀ láìní ìlà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí feldspar

Feldspar ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Ó ju ìdajì òkúta tó wà ní èèpo ayé lọ, nínú giránáìtì wa sì rèé, ó máa ń jẹ́ hóró onígun mẹ́rin tó gùn, tó sì lè tó ìka méjì nígbà mìíràn. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ funfun, àwọ̀ eérú tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ náà púpọ̀. Bí ó ṣe ń fọ́ ni kí ẹ wò. Feldspar máa ń là sí ojú méjì tó tẹ́jú, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ní igun gbọọrọ, 90 ìwọ̀n. Bí ẹ bá yí òkúta náà díẹ̀díẹ̀ sínú oòrùn, gbogbo ojú hóró kan yóò kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà mìíràn, ìdajì hóró náà ni yóò tàn, ìdajì kejì yóò wà nínú òkùnkùn, ìlà tó gún sì wà láàárín wọn. Ẹ tún un yí díẹ̀: èyí tó wà nínú òkùnkùn yóò tàn, èyí tó ń tàn yóò sì kú. Ìbejì ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀, nítorí pé hóró méjì ló dàgbà mọ́ ara wọn, ti ọ̀kan sì kọ ojú sí ibi tí ti èkejì kò kọ ojú sí. Tí ẹ bá rí èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé feldspar tó ní potassium nínú ni, ìyẹn orthoclase tàbí microcline. Èkejì rẹ̀ ni plagioclase, tó ní sodium àti calcium. Bí ẹ bá fi díńgí wo ojú rẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ óò rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó gún régé, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà wọ̀nyí ò sí lára ti àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: quartz

Lẹ́yìn feldspar, ohun tó bá ṣẹ́ kù tí kò dúdú sábà máa ń jẹ́ quartz. Kò ní ojú kankan tó tẹ́jú. Ó ń fọ́ ní kòtò-kòtò bí ìgò ṣe ń fọ́, ó sì ń dán gọ́lọ́-gọ́lọ́. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ ti eérú tàbí aláìláwọ̀, ojú sì lè wọ inú rẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀bẹ ni ẹlẹ́rìí. Lórí òṣùwọ̀n líle tí ará Jámánì kan, Friedrich Mohs, ṣètò ní 1812, èyí tó lọ láti 1 dé 10, ọ̀bẹ irin wà ní nǹkan bí 5.5, feldspar wà ní 6, quartz sì wà ní 7. Ọ̀bẹ kò ní lè ha èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa, ṣùgbọ́n quartz yóò ha feldspar, feldspar kò sì ní lè ha quartz. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ṣe é: ìlà tí ọ̀bẹ fà lára quartz lè jẹ́ irin tó bọ́ lára ọ̀bẹ náà. Ẹ fi ìka tútù nù ún. Bí ó bá parẹ́, kì í ṣe ojú ọgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn dúdú

Abẹ́rẹ́ ló máa yanjú eléyìí. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan hóró dúdú tó ń dán, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí i. Bí ó bá ń ṣí ní ìpele-ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́, tó ń tẹ̀, tó sì ń padà bọ̀ sípò, máíkà ni: biotite bí ó bá dúdú, muscovite bí ó bá funfun bí fàdákà. Bí kò bá ṣí, tó ń fọ́ sí ègé gígùn tín-ín-rín, hornblende ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́; ojú méjì tó máa ń là sí kì í pàdé ní igun gbọọrọ, igun fífẹ̀ àti igun tóóró ni wọ́n ń dá, nǹkan bí 124 àti 56. Tí igun náà bá sún mọ́ 90, pyroxene ni, ẹ̀yin sì ti bọ́ sínú ìgbésẹ̀ kẹjọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: èwo ló kọ́kọ́ dì?

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jùlọ, nítorí pé ẹni tó bá lè ṣe é ti kúrò ní ẹni tó ń ka orúkọ lásán, ó ti di ẹni tó ń ka ìtàn òkúta.

Magma kì í dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Norman Bowen, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Washington ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, yọ́ òkúta nínú iná ìléru, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n tutù díẹ̀díẹ̀ láti wo èyí tó ń dì ṣáájú. Ètò tó rí náà ni a ṣì ń lò lónìí. Nígbà tí ooru ṣì pọ̀, ní nǹkan bí 1,200 ìwọ̀n Celsius, olivine ló ń kọ́kọ́ dì. Pyroxene tẹ̀ lé e, hornblende tẹ̀ lé ìyẹn, biotite sì tẹ̀ lé hornblende. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni plagioclase ń dì, èyí tó ní calcium púpọ̀ ṣáájú, èyí tó ní sodium púpọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ooru bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 700, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ni feldspar olópotassium, muscovite, àti quartz tó kádìí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í bá olivine àti quartz pàdé nínú giránáìtì wa: bí silica bá pọ̀ nínú magma, olivine kì í dúró, ó máa ń di pyroxene.

Báwo ni a ṣe lè rí èyí lára ègé òkúta tó wà lọ́wọ́ wa? Ìrísí hóró ni kí a wò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé òde ìnáwó ló ń yan ibi tó wù ú láti jókòó, ẹni tó pẹ́ á fún ara rẹ̀ mọ́ ibi tó bá ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hóró tó dì nígbà tí omi òkúta ṣì yí i ká ṣe ń ní igun àti etí tó gún, tí èyí tó dé kẹ́yìn kò sì ní ìrísí tirẹ̀. Ẹ fi díńgí tọ etí hóró quartz kan yípo. Ẹ óò rí i pé kò ní etí tirẹ̀ rárá. Etí feldspar àti ti biotite ló pààlà fún un, ó kàn kún ààyè tó ṣẹ́ kù ni.

Ẹ̀rí kejì tún dájú ju èyí lọ. Ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn feldspar ńláńlá, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò bá ègé biotite kéékèèké nínú rẹ̀, dúdú nínú funfun, tí wọ́n tò ní ìlà tó bá etí hóró náà dọ́gba. Ohun tó wà nínú nǹkan ti gbọ́dọ̀ wà kí nǹkan náà tó yí i ká. Biotite wọ̀nyẹn lẹ̀ mọ́ ojú feldspar nígbà tó ń dàgbà, ó sì dàgbà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí àwọn feldspar gígùn inú àpáta náà bá kọ orí sí ibì kan náà, ó sábà máa ń jẹ́ pé magma náà ṣì ń ṣàn nígbà tí wọ́n ti dì, ìṣàn rẹ̀ ló sì tò wọ́n.

Ẹ kọ ètò tí ẹ rí sínú ìwé, láti orí èyí tó kọ́kọ́ dì dé orí quartz, kí ẹ sì kọ ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀. Ètò tí kò ní ẹ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ni ẹ dà á kọ nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: òkúta dúdú àyíká Ìkẹ́rẹ́ àti Adó

Òkúta kan wà lágbègbè yìí tó máa ń da ènìyàn láàmú. Awọ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ní ìta, ṣùgbọ́n bí òòlù bá bà á, inú rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń dán. Charnockite ni. Feldspar inú rẹ̀ kì í funfun, àwọ̀ ewé tó ṣú ni; quartz rẹ̀ pàápàá ṣókùnkùn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pyroxene tó wà nínú rẹ̀. Biotite àti hornblende kò lè dì láìsí omi díẹ̀ nínú magma, nítorí pé omi wà lára ohun tí a fi mọ wọ́n. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tí ooru sì pọ̀, pyroxene ló ń gba ipò wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí giránáìtì funfun-dúdú ní ìhà kan, tí ẹ sì rí charnockite ní ìhà kejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibojì ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Job Charnock, ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, ni a ti mú orúkọ òkúta náà. Irú òkúta yìí ni wọ́n fi kọ́ ibojì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìjerò, níbi tí hóró ti tóbi jù

Nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú magma bá ti dì, omi òkúta díẹ̀ tó ṣẹ́ kù máa ń kún fún ohun tí àwọn hóró ìṣáájú kò gbà sínú ara wọn: lithium, boron, beryllium, tantalum, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Omi òkúta yìí ń wọ inú àwọn ibi tó sán lára òkúta, ó sì ń dì níbẹ̀ di pegmatite, èyí tí hóró rẹ̀ lè gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ẹ má ṣe rò pé pípẹ́ nìkan ló sọ wọ́n di ńlá. Omi àti boron ló mú kí magma náà ṣàn geere, átọ́ọ̀mù ń tètè rìn, ibi tí hóró tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ sì kéré níye.

Ìjerò-Èkìtì ni a ti mọ pegmatite jù ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ wá tourmaline níbẹ̀: ọ̀pá gígùn, dúdú lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà tín-ín-rín sì gba gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́, ojú ibi tó ti ṣẹ́ máa ń jọ onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú. Beryl ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà tó dọ́gba, ó sì le ju quartz lọ. Máíkà aláwọ̀ àlùkò jẹ́ lepidolite, lithium sì ni ó ń gbé pamọ́. Ẹ wò ó, ẹ yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀: Òfin Ohun Àlùmọ́nì àti Ìwakùsà ti ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé àṣẹ ni a fi ń wà á. Kòtò tí àwọn awakùsà pa tì sì jinlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wọn a máa ya lulẹ̀ lójijì lásìkò òjò.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ tẹ̀ lé hóró náà dé inú odò

Omi òjò tó ní afẹ́fẹ́ carbon dioxide nínú máa ń jẹ feldspar di amọ̀ funfun, ìyẹn ẹfun. Quartz kò jẹ́ kí omi jẹ òun, nítorí náà òun ló di yanrìn. Biotite ń ṣí, ó ń pàwọ̀ dà sí wúrà, èyí sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọlà dé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: wúrà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, biotite a máa ya sí wẹ́wẹ́. Ẹ dà á sínú omi: wúrà, tó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, yóò rì sí ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, biotite yóò máa fò lọ pẹ̀lú omi.

Ẹ bu yanrìn odò sínú igbá, kí ẹ máa mì í, kí ẹ sì máa da omi rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, títí yanrìn dúdú yóò fi ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi òòfà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e kọjá lórí rẹ̀. Èyí tó bá fò mọ́ ọn ni magnetite. Láàárín èyí tó kù, díńgí lè fi hóró kékeré kan hàn yín, tó mọ́ gaara tàbí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣóńṣó. Zircon ni. Uranium wà nínú rẹ̀ tó ń yí padà di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ sì ni a fi mọ ọjọ́ orí giránáìtì tí a ti ń sọ látòkè.

Ẹ lẹ ìwé mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan tí ẹ kó: ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́, ojú tí ó kọ sí, àti orúkọ tí ẹ fún un. Èyí tí ẹ kò bá rí orúkọ fún, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó. Bí a bá gé òkúta tín-ín-rín dé 0.03 mílímítà, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ maikirosíkóòpù, àwọn hóró tí ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ kò lè yà sọ́tọ̀ yóò sì fi àwọ̀ ara wọn hàn.